Bí … bá Nínú Èdè Kọ̀ǹpútà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìtumọ̀ Gbólóhùn Oníbá

Ohun tí àwọn olùkọ́ àti àwọn atúmọ̀ èdè sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọn yóò fi rọ́pò ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ ohun tí a lè fojú rí ni, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ tọ́, ó sì ṣe é dáhùn. Ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ti rí láti ọdún 1970, nígbà tí iṣẹ́-ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 tún fi kún un ní ti ẹ̀dá-èdè àti lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kì í ṣe ohun tí a lè fojú rí. Wúnrẹ̀n gírámà ni, èyíinì ni ọ̀rọ̀ "if", tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èdè kọ̀ǹpútà kan tí kò lò ó tàbí tí kò lo ohun tí ó jọ ọ́.

Èrò wa ni pé kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tí ó lè dá dúró fún "if", àti pé ẹni tí ó bá ń wá a ń fi àkókò ṣòfò. Ibi tí iṣẹ́ atúmọ̀ èdè wà gan-an ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tẹ̀lé bá. Bí a bá ṣi ọ̀rọ̀-ìṣe yìí yàn, gbólóhùn wa yóò dùn létí, yóò sì bá gírámà mu, síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa retí ohun tí ẹ̀rọ kò ní ṣe láéláé.

Èdè ìwé-àṣẹ

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ sọ irú èdè tí a ń bá wí. Àwọn èdè kọ̀ǹpútà kan wà tí a gbọ́dọ̀ túmọ̀ gbogbo ohun tí a kọ sínú wọn sí èdè ẹ̀rọ kí á tó lè lò ó rárá. Èyí dà bí ìwé tí a túmọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí á tó gbé e lọ sí ọjà. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ní ògbufọ̀ nínú ẹ̀rọ. Ògbufọ̀ yìí ń ka ohun tí a kọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń mú un ṣe bí ó ti ń kà á lọ, gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀ ilé-ẹjọ́ ti ń ṣe láàárín adájọ́ àti ẹlẹ́rìí. Irú èdè kejì yìí ni a pè ní èdè ìwé-àṣẹ níhìn-ín, nítorí pé ìwé tí a to àṣẹ sí ní ẹsẹẹsẹ ni a ń fi lé ògbufọ̀ lọ́wọ́. (Ìyàtọ̀ náà kò gún tó bí a ti sọ ọ́ yìí, nítorí pé ògbufọ̀ Python pàápàá máa ń kọ́kọ́ sọ ohun tí ó kà di àmì kan tí ó wà láàárín èdè ènìyàn àti èdè ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń lò ó kì í rí èyí.)

Python ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1991, ó sì wà lára àwọn èdè tí a ń fi kọ́ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé lónìí. Ẹ wo ìwé-àṣẹ kékeré yìí, tí ó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ipò gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀:

(1)
if maaki >= 70:
    print("A")
elif maaki >= 60:
    print("B")
elif maaki >= 50:
    print("C")
else:
    print("Ó kù díẹ̀")

A lè kà á ní Yorùbá báyìí:

(2) Bí máàkì bá tó 70, kọ A. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ó bá tó 60, kọ B. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ó bá tó 50, kọ C. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ "Ó kù díẹ̀".

Ògbufọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ibi àkọ́kọ́ tí ìdáhùn bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ni yóò ti ṣe ohun tí a pa láṣẹ, kò sì ní wo àwọn ìyókù mọ́. Nítorí náà ni ètò àwọn ìlà náà fi ṣe pàtàkì. Bí a bá gbé 50 sí òkè, ẹni tí ó gba 85 yóò gba C, nítorí pé 85 tó 50.

Ìdí tí a kò fi pè é ní kání

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé gírámà tí a ń lò ní ilé-ìwé, gbólóhùn kání ni orúkọ tí a fún irú gbólóhùn tí ó wà nínú (2). Orúkọ náà ti mọ́ àwọn olùkọ́ lára, a kò sì sọ pé kí wọ́n jù ú nù nínú ẹ̀kọ́ gírámà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi (3a) àti (3b) wé ara wọn:

(3) a. Bí mo bá lówó, n ó ra ọkọ̀.
b. Ká ní mo lówó ni, ǹ bá ti ra ọkọ̀.

Ẹni tí ó sọ (3a) kò tíì sọ fún wa bóyá òun lówó tàbí òun kò lówó. Ẹni tí ó sọ (3b) ti sọ ọ́: kò lówó. Ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ ni ká ní ń gbé kalẹ̀, bí ẹni pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kì í ṣe èyí. Kò mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀. Ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ nìkan ni ó ń wò. Bí a bá gbé orúkọ náà wọ inú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, a jẹ́ pé ohun tí ẹ̀rọ kì í ṣe gan-an ni a fi sọ ohun tí ó ń ṣe lórúkọ.

Àbá tiwa ni gbólóhùn oníbá. A mọ̀ pé yóò jọ gbólóhùn oníbọ̀ létí àwọn kan. Ìjọra náà kò burú, torí pé awẹ́ gbólóhùn tí a fi bọ inú òmíràn ni awẹ́ tí bá wà nínú rẹ̀. Ìdí tí a fi mú bá, tí a kò mú bí, ni pé iṣẹ́ tí bí ń ṣe nínú èdè wa ti pọ̀ jù. Òun ni ó wà nínú "ó sáré bí ẹṣin", nínú "bí mo ṣe dé ni òjò bẹ̀rẹ̀", àti ní ìparí ìbéèrè "ó ti lọ bí?", kí á má tilẹ̀ tíì sọ ti ọmọ bíbí. Nínú kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a rí ìtumọ̀ tí a ń wá. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ bí kúrò nínú (3a), tí a fi tí rọ́pò rẹ̀, bá yóò ṣì wà níbẹ̀: "tí mo bá lówó". Ó tún wà nínú "ẹni tí ó bá wá", "ibi tí o bá lọ", "ìgbà tí ó bá dé". Níbi gbogbo tí a ti ń sọ nípa ohun tí a kò tíì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, bá ni ó ń rù ú. (Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ bá tí ó wà nínú "ni ó bá wọlé", ìyẹn yàtọ̀.)

Ẹnì kan lè ní kí á lo ṣé, torí pé ìbéèrè ni ẹ̀rọ ń bi ara rẹ̀: ṣé máàkì tó 70? Ọgbọ́n wà nínú èyí, nítorí òótọ́ ni pé ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Àbùkù rẹ̀ ni pé ṣé kò so ìbéèrè mọ́ àṣẹ. "Ṣé máàkì tó 70? Kọ A" jẹ́ gbólóhùn méjì tí wọ́n kàn dúró ti ara wọn.

Ohun tí bá ń dúró dè

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo àwọn àṣẹ méjèèjì yìí, tí àgbàlagbà kan pa fún ọmọdé:

(4) a. Bí àlejò mi bá dé, pè mí.
b. Bí àlejò mi bá wà ní pálọ̀, pè mí.

Ọmọ tí a fún ní (4a) yóò máa bá eré rẹ̀ lọ, yóò sì fi etí sí ẹnu ọ̀nà. Ó lè di ìrọ̀lẹ́ kí àlejò tó dé. Àṣẹ náà yóò ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ títí di ìgbà náà. Ọmọ tí a fún ní (4b) yóò lọ sí pálọ̀, yóò wò yíká, bí kò bá sì rí ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ tí a rán an ti parí. Bí àlejò bá wọlé ní ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà, a kò lè bá ọmọ náà wí.

"If" ti Python jẹ́ (4b) nígbà gbogbo. Kò jẹ́ (4a) rí. Ògbufọ̀ dé orí ìlà náà, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó kọjá lọ. Kò dúró, kò sì fi etí sí ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n (4a) ni ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu wa nígbà tí a bá ń pàṣẹ, òun náà sì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé wá sínú kíláàsì. Ẹ wo (5):

(5)
owo = 2000
if owo < 500:
    print("Owó ti ń tán")
owo = owo - 1800

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ èyí fẹ́ kí ẹ̀rọ kìlọ̀ fún òun. Owó rẹ̀ di 200 ní ìlà tí ó kẹ́yìn, ẹ̀rọ kò sì sọ ohunkóhun. Ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ náà fi Yorùbá sọ ohun tí ó ní lọ́kàn, ohun tí yóò sọ kò ní jìnnà sí "bí owó mi bá lọ sílẹ̀ kọjá 500, kìlọ̀ fún mi". Gbólóhùn náà kò ní àléébù kankan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ó wà nínú (5). Àṣẹ tí ó ń dúró ni, bíi ti (4a).

Níbo ni ìyàtọ̀ wà láàárín (4a) àti (4b)? Kò sí nínú bí, kò sì sí nínú bá. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó dá a sílẹ̀. Dé, rọ̀, lọ àti wọlé ń sọ ìṣẹ̀lẹ̀. Wà, jẹ́, tó, mọ̀ àti pé ń sọ ipò tí nǹkan wà. Ẹni tí ó ń sọ Yorùbá mọ ìyàtọ̀ yìí láìkọ́ ọ: "ó dé" ti ṣẹlẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n "ó tó" jẹ́ ti ìsinsìnyí, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí àmì àsìkò kankan lára èyíkéyìí nínú wọn. Bí a bá fi bá síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ìṣẹ̀lẹ̀, ojú gbogbo wa yóò lọ sí ọjọ́ iwájú. Bí a bá fi í síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ipò, a ó wo ohun tí ó wà nílẹ̀. Ìmọ̀ràn wa fún atúmọ̀ èdè ni pé kí ó máa fi ọ̀rọ̀-ìṣe ipò tẹ̀lé bá nígbà gbogbo tí ó bá ń túmọ̀ "if": "bí owó kò bá tó 500", kì í ṣe "bí owó bá lọ sílẹ̀". Èyí nìkan kò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣàṣìṣe mọ́, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ pé ìtumọ̀ wa ni ó tì í.

Àwọn kan lè rò pé bá ti yóò yanjú ọ̀ràn náà. "Bí àlejò mi bá ti dé, pè mí" lè túmọ̀ sí pé kí ọmọ wò ó bóyá àlejò ti wà níbẹ̀ ná, èyí tí ó dára. Ṣùgbọ́n ó tún lè túmọ̀ sí pé gẹ́rẹ́ tí ó bá dé ni kí a pe òun, èyí tí ó burú ju (4a) lọ. A gbọ́dọ̀ yàgò fún un.

Ìyàtọ̀ kan náà ni yóò ràn wá lọ́wọ́ lórí àmì méjì tí ó máa ń da àwọn ọmọ láàmú. Nínú Python, "owo = 2000" ń fún owó ní iye tuntun, ṣùgbọ́n "owo == 2000" ń béèrè iye tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Yorùbá ní di fún ti àkọ́kọ́, ó ní jẹ́ fún ti èkejì: owó di 2000, bí owó bá jẹ́ 2000. Di jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀, jẹ́ sì jẹ́ ipò. Ẹni tí ó bá fi àmì kan ṣoṣo sí ibi tí ó yẹ kí ó fi méjì sí lẹ́yìn "if" ti sọ pé "bí owó bá di". Python yóò kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. JavaScript, tí Brendan Eich ṣe ní 1995, kò ní kọ̀ ọ́: yóò sọ owó di 2000 lóòótọ́, yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé ìdáhùn jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Tó, sì àti tàbí

Nínú àwọn ìtumọ̀ kan tí a ti rí, "pọ̀ ju 70 lọ tàbí kí ó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀" ni wọ́n kọ fún àmì tí ó wà nínú ìlà kìn-ín-ní ti (1). Kò sí ìdí fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gba 70 gééré, máàkì rẹ̀ tó 70; ẹni tí ó gba 71, ó tó pẹ̀lú. Tó nìkan ti kó méjèèjì. Àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rèé:

(6) maaki >= 70: bí máàkì bá tó 70
maaki < 70: bí máàkì kò bá tó 70
maaki > 70: bí máàkì bá ju 70 lọ
maaki <= 70: bí máàkì kò bá ju 70 lọ

Ẹ ṣàkíyèsí pé tó àti kò tó jẹ́ ọ̀tá ara wọn pátápátá, bẹ́ẹ̀ náà ni ju àti kò ju. Ohun tí kò bá bọ́ sínú ọ̀kan gbọ́dọ̀ bọ́ sínú èkejì. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, èdè wa ṣe tààrà ju èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ti "and". Ìwé atúmọ̀ lè sọ fún wa pé àti ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-orúkọ ni àti ń so pọ̀. Kò sí ẹni tí ń sọ pé *"bí máàkì bá tó 60 àti kò tó 70". Ohun tí a ń sọ ni "bí máàkì bá tó 60, tí kò sì tó 70". Sì kì í dúró láàárín awẹ́ méjì bí afárá. Inú awẹ́ kejì ni ó ń jókòó sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe èdè kọ̀ǹpútà tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá yóò ní láti ro ibi tí yóò fi sì sí, nítorí pípààrọ̀ ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀ kò lè gbé e dé ibẹ̀.

Tàbí lè so awẹ́ gbólóhùn pọ̀, nítorí náà kò yọ wá lẹ́nu bíi ti àti. Ewu tirẹ̀ wà ní ibòmíràn. "Bí ìdáhùn bá jẹ́ A tàbí B" jẹ́ Yorùbá tó dára, akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń gbé e wọ Python ní ṣíṣẹ̀-n-tẹ̀lé:

(7) if idahun == "A" or "B":

Ohun tí ògbufọ̀ kà níbẹ̀ ni ìbéèrè méjì: ṣé ìdáhùn jẹ́ A? tàbí, ṣé "B"? Ìbéèrè kejì kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe, ṣùgbọ́n òfin Python ni pé ọ̀rọ̀ tí kò ṣófo jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí náà, ohunkóhun tí akẹ́kọ̀ọ́ ìbáà dáhùn, (7) yóò gbà á wọlé. Kí olùkọ́ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ ní kíkún kí wọ́n tó kọ ọ́: bí ìdáhùn bá jẹ́ A tàbí tí ìdáhùn bá jẹ́ B.

A ti ń lo bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ bọ̀ láti òkè fún ohun tí àwọn mìíràn pè ní òótọ́ àti irọ́. Irọ́ kò tẹ́ wa lọ́rùn, torí pé ẹnì kan ni ó ń pa irọ́. Máàkì tí kò tó 70 kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀wẹ̀, iye tí ó dúró fún bẹ́ẹ̀ ni kò dọ́gba nínú gbogbo èdè. Òdo jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ́dọ̀ Python. Nínú èdè àṣẹ Unix tí Stephen Bourne ṣe ní ilé-iṣẹ́ Bell Labs, èyí tí ó jáde ní 1979, òdo ni bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé àṣẹ kan ni a ń fi sí ẹ̀yìn "if" níbẹ̀, òdo sì ni àṣẹ máa ń dá padà nígbà tí kò bá rí àṣìṣe kankan.

Bẹ́ẹ̀ èwo?

Àǹfààní mìíràn tí ó wà nínú bẹ́ẹ̀ kọ́ ni pé "bí bẹ́ẹ̀ kọ́" fún "else" ti jáde láti ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n arọ́pò ni bẹ́ẹ̀, arọ́pò sì gbọ́dọ̀ ní ohun tí ó ń rọ́pò. Ká wo gbólóhùn yìí, tí a lè rí lẹ́nu akọ̀wé ìdánwò èyíkéyìí:

(8) Bí owó rẹ̀ bá pé, bí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé, fún un ní káàdì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, dá a padà.

Ta ni kí á dá padà? Ó lè jẹ́ ẹni tí owó rẹ̀ pé ṣùgbọ́n tí orúkọ rẹ̀ kò sí. Ó sì lè jẹ́ ẹni tí owó rẹ̀ kò pé. Ìyẹn ni pé bẹ́ẹ̀ lè rọ́pò awẹ́ oníbá kejì, ó sì lè rọ́pò èkíní. Àwọn tí wọ́n ṣe èdè ALGOL 60 ko irú ìṣòro yìí gan-an pẹ̀lú "else" tiwọn. ALGOL 68 fi ọ̀rọ̀ "fi", tí í ṣe "if" tí a kọ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, ti ilẹ̀kùn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Láti ibẹ̀ ni Bourne ti mú un lọ sínú èdè tirẹ̀. Àlàfo etí ìwé ni Python ń wò: "else" tí ó bá dọ́gba pẹ̀lú "if" ní etí ìwé, òun ni ó ni ín.

(9)
if owo_pe:
    if oruko_wa:
        print("Gba káàdì")
else:
    print("Padà lọ")

Nínú (9), ẹni tí owó rẹ̀ kò pé ni a dá padà. Bí a bá sún "else" àti ìlà tí ó tẹ̀lé e wọlé díẹ̀ kí ó lè dọ́gba pẹ̀lú "if" kejì, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí ni yóò padà, ẹni tí owó rẹ̀ kò pé kò sì ní gbọ́ ohunkóhun. Yorùbá àkàsókè kò ní àlàfo etí ìwé. Nítorí náà, nígbà tí oníbá bá ti di méjì nínú gbólóhùn kan, kí atúmọ̀ èdè fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì pe ohun tí ó ń rọ́pò lórúkọ: "bí owó rẹ̀ kò bá pé, dá a padà", tàbí "bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, dá a padà". Yóò gùn díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n akọ̀wé yóò mọ ẹni tí òun ń dá padà.